Òdòdó Tó Ń Lajú Lẹ́ẹ̀mejì

Mo gun àkàbà dé ẹ̀ka kẹta igi píà Donya Nasaria,
mo so òwú pupa mọ́ ìdí òdòdó kan,
mo gbé awò ọwọ́ mi lé ojú.
Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni, lókè Tansítaro.
Ìrì ṣì wà lára ewé,
ìkùukùu jókòó sórí òkè
bí àgbà tí wọn kò tíì gbé oúnjẹ fún.

Òdòdó yìí kò ju hóró àgbàdo kan lọ.
Àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ewé àti ìyeyè,
bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró,
tí afẹ́fẹ́ kò tíì fẹ́ sí.
Ṣùgbọ́n wo àárín rẹ̀:
abo kan ṣoṣo nàró, orí rẹ̀ ń dán, ó ń retí.
Akọ mẹ́sàn-án yí i ká, wọ́n sùn gbalaja,
àpò wọn tì pinpin.

Abo ni láàárọ̀ yìí. Abo ni, kì í ṣe àbọ̀.
Bí oòrùn bá kan àtàrí, á pa ojú dé,
á sùn, á sùn di ọ̀la.
Lọ́sàn-án ọ̀la, òdòdó kan náà á tún lajú,
akọ ni yóò jí.
Àwọn mẹ́sàn-án á dìde dúró,
àpò kọ̀ọ̀kan á ṣí fèrèsé mẹ́rin,
ìyẹ̀fun á yọ,
orí abo á sì ti gbẹ.
Ìyàwó ti wá, ó ti lọ, kí ọkọ tó wọlé.

Mo mọ ilé bẹ́ẹ̀.
Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.
Ìyá mi, Eufrosina, ń to píà sínú páálí nílé ìdìpọ̀ èso;
òru ni tirẹ̀.
Bàbá mi, Kresensio, ń gun igi já píà;
kí àkùkọ tó kọ, ọkọ̀ akẹ́rù ti gbé e lọ.
Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé,
ọ̀kan ń bọ́ bàtà, ọ̀kan ń wọ bàtà.
"Ẹ̀wà wà lórí iná."
"Ajá ti jẹun."
Ọdún mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ kò kún ife.
Ìyá àgbà wo ikùn ìyá mi títí,
ó ní omi àdúgbò ni kò dára.

Oṣù Kínní ọdún karùn-ún,
òtútù kan já bọ́ láti orí òkè,
ìrì dì sórí ewé, ó funfun bí iyọ̀.
Ilé ìdìpọ̀ tilẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́ta.
Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù wúkọ́, ó kọ̀, kò jí.
Nínú oko, agogo àwọn òdòdó dàrú.
Abo tí ì bá lajú láàárọ̀ pẹ́ di ìrọ̀lẹ́,
ó bá akọ lórí ẹ̀ka kan náà,
tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí fèrèsé.
Oyin kò jáde nínú òtútù yẹn.
Eṣinṣin lásán ló fẹsẹ̀ rìn láti ara ọ̀kan dé ara èkejì,
ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ ọn nítan.

N kò sí níbẹ̀. Ohun tí awò fi hàn mí ni mò ń sọ.
Ti inú ilé, n kò sọ nǹkan kan.
Oṣù Kẹ̀wàá ni wọ́n bí mi.

Nínú ẹgbẹ̀rún òdòdó, bí ọ̀kan bá di èso, ọdún náà dára.
Ìyókù ń rọ̀ sílẹ̀, wọ́n bo bàtà mi,
Donya Nasaria ń gbá wọn jọ, ó ń kùn:
"Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń sanwó fún ọ láti máa wo òdòdó?"
Lóòótọ́ ni, mà á. Owó náà kò pọ̀.

Oòrùn ti ń kan àtàrí.
Olówùú pupa ń pa ojú dé, ẹnikẹ́ni kò kàn án.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé: òdòdó kẹtàdínlógún,
abo, aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú.
Lọ́la, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán,
màá padà wá kí ọkọ.